Omi wíwẹ̀, omi wíwò: ìsinmi ní ibi tí ilẹ̀ ti ń gbóná

Ẹni tó bá fẹ́ lo ìsinmi rẹ̀ níbi tí omi gbígbóná ti ń sun láti inú ilẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kó mọ̀ ni bóyá omi tí òun máa wọ̀ ni òun ń wá, tàbí omi tí òun máa dúró lókèèrè wò. Méjèèjì wà nílẹ̀ Áfíríkà, ará Àjàṣẹ́, ará Kétu àti ará Ṣábẹ ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ sì lè dé ọ̀dọ̀ méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹrù wọn ò jọra, owó wọn ò jọra, bàtà tí a ń wọ̀ lọ síbẹ̀ pàápàá ò jọra. Àwọn tó ń fara gbọgbẹ́ níbi báyìí, ọ̀pọ̀ wọn ló ṣi omi wíwò mú fún omi wíwẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ti orí iye bẹ̀rẹ̀. Ooru ara èèyàn wà ní nǹkan bíi dígírì 37. Omi tó bá wà láàárín 36 sí 40 ló tura fún wíwẹ̀. Tó bá ti di 42, àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le ló lè fara dà á, fún ìgbà díẹ̀. Omi dígírì 50 á bó awọ láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Ti 60, ìṣẹ́jú àáyá bíi márùn-ún ti tó. Ti 70, kò ní tó ìṣẹ́jú àáyá kan. Awọ ọmọdé fẹ́lẹ́, nítorí náà tiwọn tún yá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ojú lásán ò sì lè fi 45 yàtọ̀ sí 75, torí omi méjèèjì lè mọ́ gaara láì hó rárá. Ẹ ra òṣùwọ̀n ooru onígíláàsì tó ń kà dé 100, ẹ so okùn mọ́ ọn, kí ẹ máa jù ú sómi kí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni tó kàn án. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan.

Kí ló dé tí omi kan fi lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí òmíràn sì ń hó? Bí a bá ń gbẹ́ ilẹ̀ lọ sísàlẹ̀, níbi púpọ̀ láyé, ooru máa ń fi nǹkan bíi dígírì 25 sí 30 lé sí i ní kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Òjò tó bá gba ihò àpáta wọlẹ̀ jìnnà, tó tún rí ọ̀nà gòkè kíákíá kó tó tutù, á jáde ní lílọ́wọ́ọ́rọ́. Gbogbo ohun tí ilẹ̀ tiwa lè ṣe nìyẹn. Àwọn òkè àpáta Ṣábẹ tí gbogbo wa mọ̀, inú iná ni wọ́n ti jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ti lé ní ìdajì bílíọ̀nù ọdún. Wọ́n ti tutù pátápátá. Kí omi tó lè hó lójú ilẹ̀, àpáta yíyọ́ gbọ́dọ̀ wà nítòsí, irú èyí tó wà ní ìlà-oòrùn Áfíríkà níbi tí ilẹ̀ náà ti ń ya sí méjì láti Ethiopia lọ sí Kenya àti Tanzania.

Omi wíwẹ̀ tó sún mọ́ wa jù ni ti Possotomè, létí adágún Ahémé, ní àgbègbè Bopa. Láti Àjàṣẹ́, ẹ gba Kútọnù àti Ouidah dé Comè, kí ẹ tó yà sápá ọ̀tún gòkè lọ. Zẹ́mìjáàn àti tàsí wà ní Comè. Orúkọ ìlú yìí wà lára ìgò omi tí a ń rà ní ṣọ́ọ̀bù, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rọ omi náà sínú ìgò. Inú ilẹ̀ jíjìn ló ti ń tú jáde fúnra rẹ̀, ó sì gbóná. Kò sí ìran ńlá kan níbẹ̀, kí n má tàn yín: ẹni tó bá ń retí èéfín tó ń rú láàárín àpáta, kó má lọ. Ṣùgbọ́n fún òpin ọ̀sẹ̀ pẹ̀lú ọmọ wẹ́wẹ́, ọkọ̀ ojú omi lórí adágún àti ẹja tútù, ó dáa. Àwọn ibì kan létí omi yẹn jẹ́ ibi ìbọ, ẹ bi onílé kí ẹ tó ya fọ́tò.

Ìkọ́gòsì ní ìpínlẹ̀ Èkìtì ni èyí tí mo fẹ́ràn jù fún ará Kétu, nítorí pé láti ilé dé ibẹ̀, èdè wa náà lẹ ó máa sọ. Ará Àjàṣẹ́ á gba Ìgólò bọ́ sí Ìdìrọ́kọ̀, á wá kọjá Ọ̀tà sí Abẹ́òkúta. Ará Kétu lè gba Ìlárá sí Ìmẹ̀kọ, Ayétòrò, kó tó dé Abẹ́òkúta. Láti ibẹ̀, Ìbàdàn, Ifẹ̀, Iléṣà, Ìtàwúrè, Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, Àrámọkọ, Erìjìyàn, Ìkọ́gòsì. Ẹ má gbìyànjú láti fi ọjọ́ kan ṣe é. Ẹ sùn ní Ìbàdàn tàbí Ifẹ̀, torí ọ̀nà orí òkè láti Ìtàwúrè lọ kún fún kọ́nà, kò sì yẹ ní rírìn lálẹ́. Ọmọ ECOWAS ni wá, a ò nílò físà fún ọjọ́ 90, ṣùgbọ́n ẹ mú páásípọ́ọ̀tì tàbí káàdì ìdánimọ̀ ECOWAS pẹ̀lú carnet jaune, ìwé ẹ̀rí àjẹsára ibà pọ́njú. Bí carnet yẹn ò bá sí lọ́wọ́, ẹnubodè ni ìnáwó àìròtẹ́lẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Owó díẹ̀ tó máa gbé yín dé Abẹ́òkúta ni kí ẹ pààrọ̀ sí náírà ní bodè. Ìyókù, ẹ ṣe é nínú ìlú.

Ohun tó ṣọ̀wọ́n ní Ìkọ́gòsì ni pé odò tútù àti odò lílọ́wọ́ọ́rọ́ pàdé níbì kan, ẹ sì lè fi ẹsẹ̀ kan sínú ọ̀kan, kí ẹ fi ìkejì sínú èkejì. Àpáta quartzite ló wà níbẹ̀, ó kún fún ihò tóóró tí omi ń gbà. Àlùfáà ìjọ Baptist kan tó ń jẹ́ John S. McGee ló sọ ibẹ̀ di ibi àbẹ̀wò ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950. Nípa ooru rẹ̀, ẹ máa kà á káàkiri pé dígírì 70 ni níbi orísun. Ẹ ti mọ ohun tí dígírì 70 ń ṣe fún awọ. Àwọn tó ń ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ lójoojúmọ́ ì bá ti di aláìlọ́wọ́. Nǹkan bíi 37 sí 38 ni àwọn onímọ̀ ilẹ̀ rí nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n. Ìyẹn ni pé omi wíwẹ̀ gan-an ni.

Àkókò ọyẹ́, láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, ni kí ẹ lọ. Afẹ́fẹ́ òwúrọ̀ tutù nígbà náà, èéfín omi á hàn kedere ní nǹkan bí aago mẹ́fà àbọ̀ sí mẹ́jọ. Nígbà òjò, àpáta tó yí ibẹ̀ ká máa ń yọ̀, omi òjò tó sì ṣàn wọ inú odò náà á dín ooru rẹ̀ kù. Ẹ yẹra fún ọjọ́ ọdún bí ẹ bá fẹ́ àlàáfíà. Kérésì àti Ọdún Tuntun, gbogbo Èkìtì ló ń bọ̀ níbẹ̀. Ìtàkìtì omi Ọlúmirìn ní Erin-Ìjẹ̀ṣà wà lójú ọ̀nà yín, ẹ lè yà síbẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń padà.

Ó wá ku omi wíwò. Fún èyí, Kenya ni mo máa dábàá, pàápàá fún ìsinmi gígùn, torí oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án tí àwọn ọmọ wa wà nílé kì í ṣe àsìkò òjò ńlá níbẹ̀. Òjò gígùn tiwọn jẹ́ oṣù Kẹta sí Karùn-ún, kékeré jẹ́ oṣù Kẹwàá sí Kejìlá. Ọkọ̀ òfurufú Ethiopian Airlines láti Kútọnù máa ń gba Addis Ababa kó tó dé Nairobi. Òfin ìwọ̀lú Kenya fún ọmọ Áfíríkà ti yí padà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láti 2024, nítorí náà ojú òpó ìjọba Kenya fúnra rẹ̀ ni kí ẹ wò nígbà tí ẹ bá fẹ́ lọ; ojú òpó alágbàtà tó jọ ọ́ pọ̀, owó ni wọ́n ń gbà lórí ohun tí kò yẹ kó wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Carnet jaune jẹ́ dandan fún ẹni tó ti Bẹ̀nẹ̀ wá.

Àwọn nǹkan mẹ́rin kan wà tí ará Bẹ̀nẹ̀ kì í sábà mọ̀ tẹ́lẹ̀. Wọn kì í gba sẹ́fà ní Nairobi, ẹ pa á dà sí yúrò kí ẹ tó kúrò nílé. Iye rẹ̀ kì í yí, 655.957 sẹ́fà ni yúrò kan. Ihò iná wọn jẹ́ onígun mẹ́ta ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ṣájà wa kò ní wọ̀ ọ́, ẹ ra ohun ìsopọ̀. Láti 2017 ni òfin ti ka àpò ọ̀rá léèwọ̀ ní Kenya, a sì lè gbà á lọ́wọ́ yín ní pápákọ̀ òfurufú, tí ọjà tí ẹ rà lọ́nà bá wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Láti oṣù Kẹfà 2020, ìgò omi oníke tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan jù nù náà kò gbọ́dọ̀ wọ ọgbà ẹranko ìjọba. Ìgò irin tàbí irú èyí tí a ń bu omi sí lẹ́ẹ̀kan sí i ni kí ẹ mú.

Naivasha ni kí ẹ kọ́kọ́ sùn. Nǹkan bíi kìlómítà 90 ni láti Nairobi, wákàtí méjì bí ọ̀nà bá dáa. Ibẹ̀ ga tó mítà 1,900 ju òkun lọ, òtútù alẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ti ọyẹ́ tiwa. Súwẹ́tà tó nípọn ni. Ọgbà Hell's Gate wà lẹ́bàá ibẹ̀. Ọdún 1984 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ó sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọgbà ẹranko díẹ̀ tí wọ́n ti gbà kí àlejò fi ẹsẹ̀ rìn tàbí gun kẹ̀kẹ́ láàárín àgùnfọn, sẹ́bírà àti ẹfọ̀n. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń sanwó ìwọlé, wọn kì í gba owó lọ́wọ́. Ẹ ṣe é ní ilé ìtura níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà. Bí ẹ bá ń yá kẹ̀kẹ́, ẹ tẹ bíréèkì méjèèjì, kí ẹ gbé e sókè yí táyà wò, torí ọ̀nà náà jẹ́ eruku àti òkúta wẹ́wẹ́. Ìlọ rọrùn nítorí ó ń sọ̀ kalẹ̀, àbọ̀ ló ń dá ènìyàn lágara. Oúnjẹ tí ẹ bá fi sára kẹ̀kẹ́, ti ọ̀bọ ni.

Ní ìparí ọ̀nà náà ni àfonífojì tóóró kan wà tí wọ́n ń pè ní Ol Njorowa. Omi gbígbóná ń ṣẹ́ láti ara ògiri àpáta rẹ̀, díẹ̀ níbí, díẹ̀ lọ́hùn-ún. Ẹ má fi ọwọ́ di àpáta mú láì wò ó. Ṣùgbọ́n omi tútù ló ń pa ènìyàn níbẹ̀. Òjò lè rọ̀ lórí òkè tó jìnnà, kí ojú ọ̀run mọ́ kedere lókè orí yín, kí àgbàrá sì dé lójijì láàárín ògiri tí kò sí ibi àbájáde. Ní oṣù Kẹsàn-án 2019, ènìyàn méje ló bá a lọ. Ní 2012 pẹ̀lú, méje. Nítorí náà, láì sí afinimọ̀nà ọgbà, ẹ má wọ ibẹ̀, bí ó bá sì sọ pé lónìí kò ṣeé wọ̀, ẹ má fi owó bẹ̀ ẹ́. Omi tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n lẹ́sẹ̀ yín ti jẹ́ ìkìlọ̀ tó pẹ́.

Ẹ̀gbẹ́ ọgbà yìí kan náà ni Olkaria wà, níbi tí Kenya ti ń fi ooru ilẹ̀ ṣe iná mànàmáná láti 1981. Ó lé ní ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún iná orílẹ̀-èdè náà tó ń ti ara ooru ilẹ̀ jáde. Àwọn kànga wọn jìn tó kìlómítà méjì sí mẹ́ta, ooru ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì kọjá dígírì 300. Ẹ máa rí páìpù fàdákà ńláńlá tí wọ́n tẹ̀ ní igun-igun lọ́nà gbogbo. Irin tó gbóná máa ń gùn sí i, àwọn igun yẹn ló ń gba ìgùn náà kí páìpù má baà ya. Ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n. Níbi tí wọ́n bá ti ń tú kànga sínú afẹ́fẹ́, ariwo rẹ̀ á di etí yín, ẹ kó àwọn ọmọ jìnnà. Ibi tí wọ́n bá kọ «Hatari» sí, ewu ni wọ́n ń wí.

Adágún ìwẹ̀ kan wà ní Olkaria tí omi rẹ̀ jẹ́ ti kànga wọ̀nyí: wọ́n ń jẹ́ kó tutù nínú kòtò kéékèèké kó tó dé inú èyí tí àlejò ń wẹ̀. Kòtò tó ní ọgbà yíká kò ṣeé wọ̀, bó ti wù kó dára lójú tó. Silica, èròjà tó wà nínú iyanrìn, ló ń mú kí irú omi yìí ní àwọ̀ búlúù tó dà bí ẹni pé wọ́n da mílíìkì sí i, òun náà ló ń mú irun le gbagidi. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ di irun kó kó o sókè, kó fi ìpara rẹ̀ ẹ́ dáadáa ṣáájú, kó má sì ri orí.

Bí ọjọ́ bá ṣẹ́kù, ẹ gba Nakuru lọ sí adágún Bogoria, ìhà Marigat. Níbẹ̀ ni omi ń hó lójú ilẹ̀ gan-an. Ibẹ̀ ga tó nǹkan bíi mítà 990 ju òkun lọ, nítorí náà omi á hó ní dígírì bíi 97 dípò 100. Ní Naivasha, bíi 94 ni. Àlejò máa ń fi okùn rọ ẹyin sínú rẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́wàá á mú un jinná. Ẹ fi igi gígùn so okùn náà kí ẹ má baà bẹ̀rẹ̀ létí omi. Ìpele adágún náà ti ga gan-an láàárín ọdún mẹ́wàá-lé yìí, ó ti bo àwọn orísun kan àti ọ̀nà etí omi mọ́lẹ̀. Kí ẹ tó san owó ọkọ̀, ẹ bi ilé ìtura yín léèrè èwo ló ṣì ń tú síta. Aago mẹ́fà àbọ̀ sí mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ló dáa jù. Lẹ́yìn náà oòrùn ibẹ̀ le, ẹ̀fọn sì pọ̀ lálẹ́: àwọ̀n ẹ̀fọn àti oògùn ibà ò gbọdọ̀ gbẹ́yìn.

Ohun tó ń ṣe ènìyàn lọ́ṣẹ́ jù níbi omi wíwò ni ilẹ̀ tó yí i ká. Omi yẹn ń fi ẹfun àti iyọ̀ sílẹ̀ bó ti ń gbẹ, ìyẹn á di èèpo funfun tó gbé ojú le bí ẹ̀kọ gbígbóná tó ti gbé awọ sójú, tí abẹ́ rẹ̀ ṣì ń hó. Ẹsẹ̀ kan á wọlé dé orúnkún. Ní Amẹ́ríkà, ní ọgbà Yellowstone, ó ti lé ní ogún ènìyàn tí irú omi bẹ́ẹ̀ ti pa, púpọ̀ nínú wọn ló kúrò lórí pákó ìrìn. Ní Bogoria kò sí pákó ìrìn níbi gbogbo, nítorí náà ẹ máa tẹ ibi tí ẹsẹ̀ àwọn èèyàn ti tẹ̀ pẹ́, kí ẹ má tẹ ibi funfun, ibi tó rin, ibi tí èéfín ti ń yọ, tàbí ibi tó bá dún gbà-gbà lábẹ́ ẹsẹ̀. Kí ẹ di ọmọdé lọ́wọ́ mú ní ọrùn ọwọ́, kì í ṣe ní ìka.

Òórùn ẹyin jíjẹrà tí ẹ máa gbọ́ jẹ́ ti gáàsì imí-ọjọ́. Díẹ̀ rẹ̀ kò ṣe nǹkan, àyàfi pé ó ń sọ ẹ̀gbà ọrùn fàdákà di dúdú. Ṣùgbọ́n tó bá pọ̀, ó máa ń pa imú kú: ẹ̀yin á rò pé òórùn ti lọ. Bí ojú bá ń ta yín tàbí orí bá ń fọ́, ẹ gòkè síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Ẹ má jókòó sínú kòtò láàárín irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí gáàsì carbon dioxide tó ń ti inú ilẹ̀ jáde wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, kò sì ní òórùn. Òun ló pa èèyàn tó lé ní 1,700 lẹ́bàá adágún Nyos ní Cameroon ní 1986, lóru ọjọ́ kan ṣoṣo. Ẹni tó ní ikọ́ fée kó mú oògùn fífà rẹ̀ sápò, kó má fi sínú ọkọ̀.

Ẹ má mu omi orísun Kenya. Fluoride inú omi àgbègbè yẹn ló ń sọ eyín ọmọ ibẹ̀ di aláwọ̀ kọfí.

Nínú omi wíwẹ̀, ìṣẹ́jú 15 sí 20 tó, kí ẹ jáde, kí ẹ mu omi, kí ara balẹ̀ kí ẹ tó padà. Ẹ má mu sódàbì ṣáájú. Ọtí àti omi gbígbóná jọ ń fẹ iṣan ẹ̀jẹ̀, èèyàn á dìde, ojú á ṣú, á ṣubú sínú omi. Aboyún, ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àìsàn ọkàn, kí wọ́n bi dókítà. Ẹni tí àtọ̀gbẹ ti mú kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kú kó má fi ẹsẹ̀ dán omi wò, torí kò ní mọ̀ pé ó ń jóná. Ìgbọ̀nwọ́ ni kó lò. Bákan náà, ẹ má jẹ́ kí omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ wọ imú. Kòkòrò àìfojúrí kan tó ń jẹ́ Naegleria fowleri ń gbé inú omi aláìníyọ̀ tó gbóná, ó lè fara da dígírì 46, imú ló sì ń gbà dé ọpọlọ. Ó ṣọ̀wọ́n gan-an, ṣùgbọ́n tó bá ti wọlé, ó ṣọ̀wọ́n kí èèyàn là á já. Mímu ún kò fa àrùn yìí. Bíbẹ́ sínú omi láì di imú ni ewu rẹ̀.

Bí omi bá jó ẹnì kan, ẹ bọ́ bàtà àti ìbọ̀sẹ̀ kíá, nítorí omi tó há sínú wọn á máa sè é lọ. Bí aṣọ bá ti lẹ̀ mọ́ awọ, ẹ gé yíká rẹ̀, ẹ má fà á. Lẹ́yìn náà, omi tútù tó ń ṣàn, ogún ìṣẹ́jú gbáko. Yìnyín kò dáa. Kí ẹ bo ojú ọgbẹ́ pẹ̀lú aṣọ mímọ́ tàbí ọ̀rá oúnjẹ láì dì í le, kí ẹ wá lọ sílé ìwòsàn. Epo pupa, oyin, ẹyin tútù, ìpara eyín, gbogbo ohun tí àwọn ìyá wa ń fi sí ojú iná, ẹ jẹ́ kí wọ́n wà nílé ìdáná: ooru ni wọ́n ń há mọ́ awọ, dókítà á sì tún ní láti fọ̀ wọ́n kúrò. Nítorí ogún ìṣẹ́jú yìí ni mo ṣe ń sọ pé kí ọkọ̀ tó gbé yín lọ sí Bogoria ní jẹ́ríkánì omi lítà 20 méjì. Ibi tí omi gbígbóná ti pọ̀ tó yẹn, omi tútù ṣọ̀wọ́n.

Bàtà tí a rán ìtẹ̀lẹ̀ rẹ̀ ni kí ẹ wọ̀, torí ilẹ̀ gbígbóná máa ń tú gọ́ọ̀mù. Ẹ fi omi mímọ́ nu jígí ojú àti gíláàsì kámẹ́rà kí omi tó ta sí i tó gbẹ. Bí silica bá ti gbẹ sórí gíláàsì, fífá ló kù, fífá náà á sì ba á jẹ́. Kámẹ́rà tó ti inú ọkọ̀ tó ní ẹ̀rọ amúlétutù jáde sínú èéfín á ṣú, ẹ jẹ́ kó wà nínú àpò rẹ̀ fún bíi ogún ìṣẹ́jú níta kí ẹ tó ṣí i. Aṣọ ìwẹ̀ náà, inú omi tútù ni kí ẹ ti fọ̀ ọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, láì dúró di ọjọ́ kejì.